Orúkọ eré lè pe èèyàn wọlé, kò lè mú un jókòó

   Lẹ́tà yín pọ̀ lórí tábìlì, ṣùgbọ́n ọ̀kan wà níbẹ̀ tí mi ò lè tì sẹ́yìn, torí pé owó wà nínú ọ̀rọ̀ náà, owó àjọ sì ni.

Ìyá kan ló kọ ọ́ láti Owódé Onírin, lọ́nà Ìkòròdú, téèyàn bá ti kọjá Mile 12. Ìṣó, bóòtù àti nọ́ọ̀tì ni wọ́n ń tà. Wọ́n ní ọmọ àwọn ọkùnrin àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń ṣe mẹkáníìkì ti kọ eré aláwàdà kan tí wọ́n fẹ́ gbé lọ sórí tẹlifíṣàn. Ọjà irin leré náà dá lé. Orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ ni “Metallic Affairs.” Ìyá ní ahọ́n àwọn ò lè gbé orúkọ yẹn, pé kí wọ́n pè é ní “Ìyá Onírin.” Ọmọ ní orúkọ ará oko nìyẹn, pé àwọn ilé iṣẹ́ tó ń polówó ọjà ò ní í fi kọ́bọ̀ sí i. Ìbéèrè ìyá rèé: “Ṣé orúkọ ló ń ta eré ni, àbí eré ló ń ta orúkọ? Owó àjọ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kó ni wọ́n ní kí n mú wá o.”

Ìyá wa, ẹ ṣeun. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo orúkọ àdúgbò tiyín ná. Owódé pọ̀ nílẹ̀ Yorùbá. Owódé wà ní Ẹ̀gbá, Owódé wà ní Yewa. Orúkọ tó dùn ni, torí ta ni ò fẹ́ kówó dé? Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá sọ fún onímọ́tò pé Owódé lẹ̀ ń lọ, á bi yín pé Owódé wo. Ìgbà tẹ́ ẹ bá fi Onírin kún un ló tó mọ ibi tó máa já yín sí. Iṣẹ́ méjì lorúkọ yẹn ń ṣe: ó dùn létí, ó sì ń sọ ohun tí wọ́n ń tà níbẹ̀. Iṣẹ́ méjì náà lorúkọ eré ń ṣe, ibẹ̀ sì ni agbára rẹ̀ mọ.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ àgbà. Kí Moses Ọláìyá Adéjùmọ̀ tó di Bàbá Sálà, orin ló ń kọ. Ẹgbẹ́ orin rẹ̀ ń jẹ́ Federal Rhythm Dandies, Sunny Adé náà sì ta gìtá níbẹ̀ kó tó dá tiẹ̀ sílẹ̀. Mélòó nínú yín ló rántí orúkọ yẹn? Ìgbà tó yà sídìí eré, ó pe ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Aláwàdà. Ó tán! Ọmọ kékeré tó bá gbọ́ Aláwàdà ti mọ̀ pé ẹ̀rín lòun máa rín. Orúkọ yẹn ló pe àwọn èèyàn wá síwájú tẹlifíṣàn WNTV ti Ìbàdàn. Ṣùgbọ́n ẹ bi ẹni tó wo eré náà nígbà yẹn, kò ní í sọ pé Aláwàdà lòun wò. Bàbá Sálà lòun wò, ọkùnrin onídígí ràbàtà, onítáì ràbàtà. Orúkọ ẹgbẹ́ ló pè wọ́n wọlé, Bàbá Sálà ló mú wọn jókòó. Ọkùnrin náà kú lọ́dún 2018, orúkọ yẹn ò bá a lọ.

Àwọn ará Enúgu náà rí irú ẹ̀. Lẹ́yìn ogun abẹ́lé, James Iroha àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń ṣe eré kan lórí rédíò tí wọ́n ń pè ní In the Lighter Mood. Ìgbà tó dé orí tẹlifíṣàn, ó di The Masquerade. Nígbà tó tún yá, ó di The New Masquerade. Orúkọ ń yí, àwọn òǹwòran ò yí. Zebrudaya, ìyẹn Chika Okpala, ni wọ́n ń tẹ̀ lé. Ní ọjà wa níhìn-ín, ta ló ń sọ pé “ó ti tó àkókò Masquerade”? Zebrudaya la máa ń wí.

Kì í ṣe pé orúkọ òyìnbó ò dáa o. Ẹ rántí Basi and Company tí Ken Saro-Wiwa ń gbé jáde lórí NTA láàárín ọdún 1986 sí 1990. Orúkọ yẹn fúnra ẹ̀ ti jẹ́ ẹ̀fẹ̀. Tẹ́ ẹ bá rí “and Company” lórí sáínbọ́ọ̀dù, ẹ̀ẹ́ rò pé ọ́fíìsì wà, akọ̀wé wà, mọ́tò wà. Ẹ wá wọlé, ẹ bá Basi tí ò ríṣẹ́ ṣe, tí ò rí owó ilé san, tí ìyá onílé ń lé kiri, síbẹ̀ tó ń ronú bí òun ṣe máa di mílíọ́níà. Ẹni tó bá mọ bí a ṣe ń kọ sáínbọ́ọ̀dù l'Ékòó á ti bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín látorí orúkọ.

Àwọn kan á ní, “Checkmate ńkọ́? Ìyá wa wo ló mọ chess?” Òótọ́ ni. Checkmate tí Amaka Igwe gbé jáde lọ́dún 1991 gbajúmọ̀ gan-an, bẹ́ẹ̀ kì í ṣe orúkọ tó wọ etí ọ̀pọ̀ èèyàn. Ìyẹn fi hàn pé eré tó dùn lè ru orúkọ tó wúwo. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí obìnrin náà ṣe lẹ́yìn náà. Ilé olóyè kan wà nínú Checkmate, Chief Fuji, oníyàwó púpọ̀, tí Kúnlé Bámtẹ́fá ń ṣe. Ìgbà tó fẹ́ fa ilé yẹn yọ kó di eré aláwàdà fúnra ẹ̀, kò lọ wá ọ̀rọ̀ chess mìíràn. Fuji House of Commotion ló pè é. Orúkọ baálé wà níbẹ̀, ariwo ilé olórogún náà wà níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó wọ ibẹ̀ tó máa ní wọ́n tan òun.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ “orúkọ ará oko” tí ọmọ ń sọ. Kó jókòó kó gbọ́ ti Jénífà. Nínú sinimá tí Fúnkẹ́ Akíndélé gbé jáde lọ́dún 2008, ọmọbìnrin abúlé kan tó ń jẹ́ Suliat dé yunifásítì, ojú orúkọ ẹ̀ ń tì í, ló bá sọ ara ẹ̀ di Jenifa. Jennifer lòyìnbó ń kọ, àwọn kọ ọ́ bẹ́nu wa ṣe ń pè é. Gbogbo ẹ̀rín inú eré náà ti wà nínú orúkọ kan ṣoṣo: ọmọ oko tó fẹ́ di ọmọ ìlú, tí ahọ́n rẹ̀ ń tú u fó. Ẹni tó ń sá fún orúkọ ará oko ni wọ́n fi ṣẹ̀fẹ̀ o! Lọ́dún 2009 ni wọ́n fún Fúnkẹ́ ní àmì ẹ̀yẹ AMAA fún ipa yẹn. Lọ́dún 2015, ó di Jenifa's Diary lórí tẹlifíṣàn, wọn ò sì ní láti ṣàlàyé ẹni tó ń jẹ́ Jenifa fún ẹnikẹ́ni mọ́. Ní ìparí ọdún 2024, Everybody Loves Jenifa pa ju bílíọ̀nù kan náírà lọ nílé sinimá.

Kí ẹ má bàa rò pé orúkọ Jenifa nìkan ló ń ṣiṣẹ́, obìnrin kan náà ló gbé A Tribe Called Judah jáde lọ́dún 2023, orúkọ gígùn, òyìnbó pọ́ńbélé, ìyẹn náà sì ni sinimá Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó pa bílíọ̀nù kan náírà nílé sinimá. Oníbàárà tó ti mọ ọjà yín kì í ka sáínbọ́ọ̀dù mọ́. Àmọ́ ọmọ tiyín ò tíì ní oníbàárà o. Ẹni tí wọn ò tíì mọ̀ lorúkọ ń jà fún jù.

Òyìnbó pàápàá ń wá orúkọ kiri. Eré Amẹ́ríkà tó ń jẹ́ Friends, Insomnia Cafe ni wọ́n kọ́kọ́ fẹ́ pè é, ìyẹn ilé kọfí àwọn tí ò rí oorun sùn. Wọ́n pààrọ̀ ẹ̀ títí wọ́n fi dórí “Àwọn Ọ̀rẹ́” lásán lọ́dún 1994, ó sì lo ọdún mẹ́wàá. Lọ́dún 2009, wọ́n tún gbé òmíràn jáde tó ń jẹ́ Cougar Town. Orúkọ ẹranko kan ni cougar, ṣùgbọ́n lẹ́nu àwọn ọmọ ìta wọn, ìyá àgbà tó ń wá ọ̀dọ́mọkùnrin kiri ni. Kò pẹ́ tí eré náà fi kúrò lórí ọ̀rọ̀ yẹn, ó di ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀rẹ́ aládùúgbò, orúkọ ò sì kúrò lára ẹ̀. Àwọn tó ṣe é wá ń fi orúkọ eré tiwọn ṣe yẹ̀yẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ó dà bí ẹni tó kọ “ojúlówó pátì Mercedes” sára ṣọ́ọ̀bù, tó jẹ́ pátì dáńfó ló kó síbẹ̀. Pátì dáńfó ò burú, àmọ́ ẹni tó ń wá a ò ní í yà síbẹ̀.

Ìyá wa, ẹ gbọ́ ìmọ̀ràn tèmi. Àwọn àgbà ní ilé là ń wò kí á tó sọmọ lórúkọ. Ẹ tíì má jà lórí orúkọ. Ẹ kọ́kọ́ bi ọmọ yín pé: ta lẹni tí a ó máa sín jẹ nínú eré yìí? Tí kò bá rí ẹ tọ́ka sí, eré ò tíì sí nílẹ̀, ẹ má ṣí àpò. Tó bá rí i, orúkọ ẹni yẹn tàbí ìwà rẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Ìyá Onírin yín lè jẹ ẹ́, tó bá jẹ́ ìyá náà ni ẹ̀rín wà lọ́dọ̀ ẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ dán orúkọ wò láàárín ariwo irin. Ẹ sọ ọ́ fún ọmọ iṣẹ́ kan kó lọ sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀bù kẹta. Tó bá débẹ̀ láìyí padà, ó dáa. Tó bá jẹ́ Yorùbá, ẹ kọ ọ́ láìfi àmì sí i, torí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń kọ ọ́ sójú tẹlifíṣàn. Ẹni tó kọ “Oko Iyawo” lè máa sọ ọkọ ìyàwó, kí ẹlòmíì kà á sí ọkọ̀ ìyàwó, kí ẹnì kẹta ní oko tí ìyàwó ń ro ni.

Owó àjọ yẹn, ẹ má kó gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ fún wọn ní ìwọ̀nba tí wọ́n á fi ṣe eré ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ iṣẹ́ wò ó lọ́sàn-án. Tí wọ́n bá ń pe orúkọ ẹnì kan nínú eré náà lọ́jọ́ kejì tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín, ẹ tún fún wọn sí i.

Ẹ sì béèrè ta ló ni orúkọ. Papa Ajasco wà nínú ìwé àwòrán Ikebe Super tí Wale Adenuga bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1976, kó tó di sinimá lọ́dún 1984, kó tó dé tẹlifíṣàn. Abíọ́dún Ayọ̀yínká ló kọ́kọ́ ṣe é lórí tẹlifíṣàn, Fẹ́mi Ògúnrọ̀mbí gbà á ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Òṣèré lọ, orúkọ dúró, torí ó ní olówó. Òfin ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé ń dáàbò bo eré, ṣùgbọ́n orúkọ lásán kì í sábà wọ abẹ́ rẹ̀. Ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń forúkọ àmì òwò sílẹ̀ l'Ábújá ni wọ́n ń gbé ìyẹn lọ. Kí ìwé wà láàárín ọmọ yín àtàwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ báyìí tí wọ́n ṣì ń jẹun pọ̀. Tí eré bá ti ń pa owó, ọ̀rẹ́ á di ẹjọ́.

Ẹ̀yin yòókù, tẹ́ ẹ bá ní èrò tó yàtọ̀ sí tèmi, ìwé ò wọ́n. Ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́, a ó gbé e jáde. Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ o.