Omi Ni Kí A Kọ́kọ́ Bi Léèrè

Ní ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá, wọ́n ránṣẹ́ pè wá sí ìpàdé ní abúlé kan tí kò jìnnà sí Kétu. Wọ́n gbé abọ́ omi kan síwájú wa, omi náà sì pọ́n bí ẹni pé wọ́n po erùpẹ̀ mọ́ ọn. Inú kànga ẹ̀rọ ni wọ́n ti fà á. Kò tíì pé ọdún mẹ́rin tí wọ́n fi ìlù àti ijó ṣí pọ́ǹpù náà. Àwọn obìnrin ní kò ṣeé fi fọ aṣọ funfun mọ́, oúnjẹ tí wọ́n bá sì fi sè a máa dúdú. Àwọn mìíràn ti padà sí adágún omi.

Gbólóhùn tó kẹ́yìn yìí ló bà wá lẹ́rù jù. Lórí òkè pẹrẹsẹ wa yìí, omi inú ilẹ̀ jìn. Àwọn ìyá wa rìn títí kí wọ́n tó rí èyí tí wọn yóò gbé, èyí tí wọ́n sì rí kì í fìgbà gbogbo mọ́. Ẹni tó bá ti lé ní ogójì ọdún láàárín wa mọ ohun tí sòbìà ń jẹ́. Ọdún 2009 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé tó jẹ́rìí sí i pé àrùn náà ti tán ní Benin, kànga ẹ̀rọ sì wà lára ohun tó lé e lọ. Kí ènìyàn tún wá fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ padà sí adágún nítorí ọ̀pá tó dípẹtà!

Bàbá kan ní ilẹ̀ ibẹ̀ ni kò dára, pé irin inú ilẹ̀ pupa wa ló ń yọ́ sínú omi. Oníṣòwò tó fẹ́ ta ọ̀pá tuntun sọ pé irú ti àkọ́kọ́ gan-an ni kí wọ́n tún rà, kí wọ́n yára, kí owó má baà gòkè. Àwa bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n mú sùúrù di òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, a gba omi tó kọ́kọ́ jáde sínú ìgò kan. A ní kí àwọn ọ̀dọ́ máa fa omi lọ láìdúró, nígbà tó sì tó nǹkan bíi wákàtí kan, a gba òmíràn sínú ìgò kejì. Ti àkọ́kọ́ pọ́n. Ti èkejì mọ́ kedere. Bí ó bá jẹ́ pé láti inú ilẹ̀ ni irin náà ti ń wá, ìgò kejì ìbá pọ́n bí èkíní. Ara ọ̀pá tí omi sùn sí mọ́jú ni ìpẹtà ti ń wá. Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà.

Irin tí wọ́n fi síǹkì bò ni ọ̀pá náà. Síǹkì jẹ́ aṣọ tí irin wọ̀. Nínú omi tí kò kan, aṣọ náà a máa pẹ́. Nínú omi tó kan, a máa yọ́ díẹ̀díẹ̀ títí irin yóò fi wà ní ìhòòhò. Ahọ́n kò lè tọ́ irú kíkan yìí wò. pH ni àwọn onímọ̀ fi ń wọ̀n ọ́n: 7 ni agbedeméjì, bí ó bá sì ṣe ń lọ sílẹ̀ ni omi ń kan sí i. Ní ọdún 1994, Báńkì Àgbáyé tẹ ìwé Langenegger jáde lórí omi abẹ́ ilẹ̀ àti pọ́ǹpù ọlọ́wọ́ ní Áfíríkà. Ohun tó fi hàn ni pé bí pH bá ti wà lábẹ́ 6.5, síǹkì kò lè dáàbò bo irin mọ́. Ní gúúsù Benin, omi inú iyanrìn abẹ́ ilẹ̀ sábà máa ń kan ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bébà ìdánwò tí a mú wá láti kọlẹ́ẹ̀jì wa sọ pé nǹkan bíi 5.5 ni omi abúlé yìí. Oníṣòwò wa fẹ́ ta aṣọ kan náà fún ẹni tí òjò kan náà yóò tún pa.

Kí ni kí wọ́n wá rà? Gbogbo ẹnu ló dáhùn pé inox ni. Ó dára, ṣùgbọ́n inox wo?

Ẹ yí ṣíbí yín padà, ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀. Lára òmíràn, ẹ ó rí 18/10: ìdá 18 nínú ọgọ́rùn-ún jẹ́ kúróòmù, ìdá 10 jẹ́ níkẹ́ẹ̀lì, èyí tó kù fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ irin pátápátá. Kúróòmù ló ń fi ọ́síjìn hun aṣọ tín-ín-rín kan tí ojú kò rí sára irin. Bí a bá họ ọ́, a tún hun òmíràn. Níkẹ́ẹ̀lì ló ń mú kí irin náà ṣeé tẹ̀, kí ó ṣeé jó pọ̀, kí ó sì lè kojú ásíìdì. Àwọn awakùsà ilẹ̀ Jámánì ti ń bú òkúta níkẹ́ẹ̀lì kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀ ọ́n: ó jọ òkúta bàbà, wọn kò sì rí bàbà yọ nínú rẹ̀, ni wọ́n bá ní iwin ló ń fi àwọn ṣe yẹ̀yẹ́. Orúkọ iwin náà ni Cronstedt ará Súwídìn fi sọ irin yìí lẹ́yìn tó yọ ọ́ jáde ní ọdún 1751.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ wá òòfà, ẹ dán èyí wò. Ẹyọ owó 100 fúráǹkì àtijọ́ jẹ́ níkẹ́ẹ̀lì. Òòfà yóò fà á. Ẹyọ 50 fúráǹkì àtijọ́ jẹ́ bàbà tí wọ́n po mọ́ níkẹ́ẹ̀lì. Òòfà kò ní fà á. Òòfà ń fa irin, ó ń fa níkẹ́ẹ̀lì, síbẹ̀ bí wọ́n bá po méjèèjì mọ́ kúróòmù di inox 18/10, kì í sábà fà á mọ́. Ohun tí a pò pọ̀ kì í jogún ìwà òbí rẹ̀ bí a ṣe rò.

Inox 304 àti inox 316 jọ ara wọn bí ìbejì, òòfà kò sì lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Ìdá méjì sí mẹ́ta mólíbídẹ́nù tó wà nínú 316 ni ìyàtọ̀ tó ṣe pàtàkì jù. Iyọ̀ ni ọ̀tá aṣọ kúróòmù: a máa lu ihò kéékèèké sí i bí ẹni fi abẹ́rẹ́ gún un. Mólíbídẹ́nù ló ń dí i lọ́wọ́. Ẹni tó ń kọ́lé sétí òkun ní Kùtọnú nílò 316 ju ẹni tó ń kọ́lé ní Kétu lọ.

Ìbéèrè yìí kan náà ni wọ́n ń bi ara wọn ní ilé iṣẹ́ ńláńlá, àṣìṣe ibẹ̀ ló kàn wúwo jù. Ní Darou, ní Senegal, láti ọdún 1984 ni wọ́n ti ń fi ásíìdì sọ òkúta fósífáàtì Taïba di ásíìdì tí a fi ń ṣe ajílẹ̀. Bí irú ásíìdì bẹ́ẹ̀ bá mọ́ tí kò sì gbóná jù, 316 lè bá a gbé. Ṣùgbọ́n òkúta kì í dá wá. Kúlóríìdì àti fúlúóríìdì a máa bá a wá, iná a sì máa mú kí wọ́n burú sí i. Níbẹ̀ ni onímọ̀ ẹ̀rọ ti ń wá àdàlù tí níkẹ́ẹ̀lì àti kúróòmù rẹ̀ pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Monel wà, tó jẹ́ nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta níkẹ́ẹ̀lì, tí bàbà sì kún un: ọ̀rẹ́ omi òkun tó ń ṣàn ni, ṣùgbọ́n ásíìdì nítíríìkì a máa jẹ ẹ́ run. Hastelloy B wà, tí mólíbídẹ́nù rẹ̀ tó ìdá 28: kò bẹ̀rù ásíìdì tí a ń pè ní chlorhydrique, bó tilẹ̀ ń hó. Akọni ni, àbí? Ẹ jẹ́ kí ìyọ̀ ìpẹtà irin díẹ̀ bọ́ sínú ásíìdì náà, akọni a bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́, nítorí pé kò ní kúróòmù tí yóò fi hun aṣọ. Hastelloy C-276 ní kúróòmù àti mólíbídẹ́nù, nǹkan bí ìdá 16 ìkọ̀ọ̀kan. Ó lè dúró ní ibùdó méjèèjì, ṣùgbọ́n nínú chlorhydrique gbígbóná tó mọ́, kò tó Hastelloy B. Nítorí náà, ẹni tó bá béèrè pé èwo ló dára jù nínú wọn, ìbéèrè rẹ̀ kò tíì pé. Kí ni yóò gba inú rẹ̀ kọjá? Báwo ló ṣe gbóná tó? Kí ló tún dà mọ́ ọn?

A padà sí abúlé wa. Àwọn ọ̀dọ́ kan ti gbọ́ orúkọ 316, wọn kò sì fẹ́ gbọ́ òmíràn mọ́. A fi omi náà ránṣẹ́ fún àyẹ̀wò: ó kan lóòótọ́, ṣùgbọ́n iyọ̀ inú rẹ̀ kéré. 304 tó fún un. Owó tó lé lórí rẹ̀ kí wọ́n tó ra 316 yóò ṣe iṣẹ́ mìíràn ní abúlé tí kò ní dókítà. Ìyá àgbà kan bi wá pé, “Olùkọ́ wa, oníke kò ní ṣe é ni?” Ìbéèrè ọlọ́gbọ́n ni. Oníke kì í dípẹtà, òun sì ni pọ́ǹpù Vergnet tí a ń fẹsẹ̀ tẹ̀ gbára lé. Ṣùgbọ́n ọ̀pá irin ni ẹ̀rọ tí abúlé yìí ti ní ń gbé, wọn kò sì ní owó ẹ̀rọ tuntun.

Alága wá dá àbá kan tó dùn létí: kí wọ́n fi inox sí ìsàlẹ̀ níbi tí omi wà, kí wọ́n lo ọ̀pá síǹkì lókè, kí owó lè tó. A kò lè gbà. Níbi tí irin méjì bá ti fara kan ara wọn nínú omi, èyí tó rẹlẹ̀ ló ń kú fún èyí tó ga. Síǹkì yóò tètè tán, ìpẹtà yóò sì tún bẹ̀rẹ̀. Inú alága kò dùn. A rò pé ó ṣì ń bínú sí wa.

Wọ́n ti rí owó ọ̀pá inox mọ́kànlá kó jọ nínú méjìdínlógún. A ti sọ fún wọn pé kí wọ́n gba ìwé àyẹ̀wò irin náà lọ́wọ́ ẹni tí yóò tà á kí wọ́n tó sanwó. Títí di ìgbà náà, wọ́n pinnu pé kí ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ìdí pọ́ǹpù ní àárọ̀ fa ogójì garawa dànù kí ó tó pọn tirẹ̀, àwọn ọmọ kọlẹ́ẹ̀jì wa méjì tí ilé wọn wà níbẹ̀ sì ti gbà láti máa jí ṣe é.