Ẹni Tí Wọn Kò Pe Orúkọ Rẹ̀: Adéwálé Ògúnlẹ́yẹ àti Bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà

Ìbéèrè kan ń dé ọ̀dọ̀ wa lemọ́lemọ́ láti ọ̀dọ̀ àwọn ìdílé Yorùbá tó wà ní Àkráà. Ọmọkùnrin ilé ga, ó tóbi, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì yá nílẹ̀. Ẹnì kan ti sọ fún un pé bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà ló yẹ kó lọ gbá. Ṣé kí a jẹ́ kó lọ? Ìyá ń bẹ̀rù orúnkún. Bàbá ń ṣírò owó. Ọmọ náà ti ń wo fídíò lórí fóònù títí ilẹ̀ fi ń mọ́.

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣẹ̀yìn ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ìlú yìí ní oṣù kẹfà ọdún 2022. NFL, ìyẹn àjọ tó ń ṣàkóso bọ́ọ̀lù náà ní Amẹ́ríkà, ṣe ètò wọn àkọ́kọ́ nílẹ̀ Áfíríkà, Àkráà ni wọ́n sì ti ṣe é. Wọ́n kó àwọn ọ̀dọ́ jọ láti oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè, wọ́n wọn gíga wọn, wọ́n wo bí wọ́n ṣe ń sáré. Roger Goodell tó jẹ́ ọ̀gá pátápátá fún NFL wá fúnra rẹ̀. Osi Umenyiora náà wá, ọmọ Nàìjíríà tí wọ́n bí sí London, tó gba ife Super Bowl lẹ́ẹ̀mejì pẹ̀lú New York Giants. Láti ìgbà náà, kò sí àdúgbò tí ọmọ gíga kan kò ti ní àlá yìí lórí, ì báà jẹ́ Nima, ì báà jẹ́ Accra New Town tí àwọn àgbà wa ń pè ní Lagos Town.

Ìtàn tí gbogbo ènìyàn ń sọ ní Àkráà ni ti Ezekiel Ansah, tí wọ́n ń pè ní Ziggy. Ìlú yìí ni wọ́n bí i sí. Ó lọ sí Yunifásítì Brigham Young ní ìpínlẹ̀ Utah, basketball ló fẹ́ gbá níbẹ̀, wọn kò mú un. Ọdún 2010 ló ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà. Nígbà tó fi máa di 2013, òun ni ẹni karùn-ún tí wọ́n pè nínú gbogbo ọ̀dọ́ tó fẹ́ wọ NFL lọ́dún náà. Ìtàn tó dùn mọ́ni ni, ṣùgbọ́n lójú tiwa, kì í ṣe òun ló yẹ kí ìyá tó ń bẹ̀rù orúnkún kọ́kọ́ gbọ́. Ẹnì kan ṣoṣo ló lè ṣe ẹni karùn-ún lọ́dún kan. Ẹ jẹ́ kí a sọ ti ẹni tí wọn kò pè rárá, tó sì jẹ́ ọmọ Yorùbá.

Kí á tó débẹ̀, ẹ jẹ́ kí a ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń pè wọ́n. Ní oṣù kẹrin ọdọọdún, àwọn ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù, tí wọ́n jẹ́ 32 lónìí, máa ń pe orúkọ àwọn ọ̀dọ́ tó ń bọ̀ láti yunifásítì, ẹgbẹ́ kan tẹ̀lé èkejì, títí wọ́n á fi yípo lẹ́ẹ̀méje. Draft ni wọ́n ń pe ètò yìí. Orúkọ bí 250 ló máa ń jáde. Àwọn ìdílé á kóra jọ sí pálọ̀, wọ́n á dáná, wọ́n á tẹ́jú mọ́ tẹlifíṣàn. Ẹ̀yin tí ẹ rántí ìgbà tí wọ́n máa ń lẹ orúkọ àwọn tó wọlé sí yunifásítì mọ́ ara ògiri á mọ bó ṣe ń rí: ẹ ó fi ìka tọ orúkọ láti òkè dé ìsàlẹ̀, ẹ ó tún padà sókè, bóyá ojú ló fò ó. Ẹni tí wọn kò pè títí ètò náà fi parí ni wọ́n ń pè ní undrafted.

Brooklyn ní New York ni wọ́n bí Adéwálé Ògúnlẹ́yẹ sí lọ́dún 1977. Àwọn oníròyìn ibẹ̀ kò yéé kọ ọ́ pé ọmọ ọba ni, torí pé ìdílé ọba ní Nàìjíríà ni wọ́n ti ṣẹ̀ wá. (Ọmọ ọba pọ̀ nílẹ̀ Yorùbá ju bí wọ́n ṣe rò lọ, ṣùgbọ́n a ò ní torí ìyẹn bá wọn jiyàn.) Ó lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ girama Tottenville ní Staten Island, ó sì ti ibẹ̀ lọ sí Yunifásítì Indiana.

Iṣẹ́ tó ń ṣe lórí pápá kò ṣòro láti ṣàlàyé. Ẹnì kan wà láàárín ẹgbẹ́ kejì tó fẹ́ ju bọ́ọ̀lù síwájú. Àwọn ọkùnrin tó tóbi bí ilẹ̀kùn dúró níwájú rẹ̀ láti dáàbò bò ó. Ògúnlẹ́yẹ á gba ẹ̀gbẹ́ wọn já, á sì gbé ẹni náà ṣánlẹ̀ kó tó rí bọ́ọ̀lù jù. Sack ni wọ́n ń pe ìgbéṣánlẹ̀ yìí, wọ́n sì ń kà á bí ìyálọ́jà ṣe ń ka owó lálẹ́. Nígbà tó fi máa kúrò ní Indiana, kò sí ẹni tó ní sack tó tirẹ̀ nínú àkọsílẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́ náà.

Ọdún 1999, tó jẹ́ ọdún tó gbẹ̀yìn níbẹ̀, ni iṣan orúnkún rẹ̀ já. Nígbà tí oṣù kẹrin 2000 dé, wọ́n pe orúkọ tó ju 240 lọ nínú draft. Tirẹ̀ kò sí níbẹ̀. Kì í ṣe pé ó ti gbàgbé bí wọ́n ṣe ń gbá a; kò sí ẹgbẹ́ tó fẹ́ fi àyè wọn ṣòfò lórí orúnkún tó ti já.

Ó yẹ kí ẹ̀yin òbí mọ ohun tó máa ń tẹ̀ lé e. Bí draft bá ti ń parí, fóònù á bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Ẹni tí wọn kò pè lè bá ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ ẹ ṣàdéhùn, òun fúnra rẹ̀ ló máa yan èyí tó wù ú. Owó ìfọwọ́síwèé rẹ̀ kéré gan-an sí ti àwọn tí wọ́n pè, wọ́n sì lè dá a dúró nígbàkígbà. Miami Dolphins ló gba Ògúnlẹ́yẹ. Lọ́dún 2001, gbogbo sack tó ní kò ju ìdajì lọ: òun àti ẹnì kejì rẹ̀ ló jọ gbé ẹnì kan ṣánlẹ̀, wọ́n sì pín in fún wọn. Ìdajì kan ṣoṣo fún odidi ọdún kan.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, orúnkún ti san. Ó ní sack 9.5. Lọ́dún 2003, ó ní 15, kò sì sí ẹni tó ju bẹ́ẹ̀ lọ ní AFC, ìyẹn ìdajì kan nínú NFL. Wọ́n mú un fún Pro Bowl, eré àwọn ààyò. Kò tíì pé ọdún mẹ́rin lẹ́yìn tí gbogbo ẹgbẹ́ fò ó rékọjá.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́dún 2004 ló wù wá jù nínú ìtàn yìí. Ògúnlẹ́yẹ ní kí Miami san owó tó bá iṣẹ́ òun mu, kò sì wá síbi ìgbáradì. Ọ̀rọ̀ náà kò yanjú. Ní oṣù kẹjọ, Miami fi í ránṣẹ́ sí Chicago Bears. Ohun tí Chicago fi gbà á ni agbábọ́ọ̀lù kan tó ń jẹ́ Marty Booker, àti àyè kan nínú ìyípo kẹta draft. Ẹni tí kò sí ẹgbẹ́ kankan tó fẹ́ fi àyè ìyípo keje ná lé lórí lọ́dún 2000, òun náà ni wọ́n fi odidi ènìyàn kan àti àyè ìyípo kẹta rà.

Ní ọjọ́ kẹrin oṣù kejì ọdún 2007, òun àti Bears gbá Super Bowl. Miami gan-an ni wọ́n ti gbá a, ìlú tó ti bẹ̀rẹ̀. Indianapolis Colts nà wọ́n ní 29 sí 17. Ọdún 2010 ló gbá bọ́ọ̀lù kẹ́yìn, pẹ̀lú Houston Texans. Sack rẹ̀ jẹ́ 67 lápapọ̀. Ó tó ọdún mẹ́wàá lẹ́nu iṣẹ́ tí ẹgbẹ́ àwọn agbábọ́ọ̀lù náà sọ pé, bí a bá pín in dọ́gba, ènìyàn kì í lò ju ọdún mẹ́ta àti díẹ̀ lọ nínú rẹ̀.

A ò ní sọ fún yín pé ìforítì nìkan ló gbé e débẹ̀. Àìmọye ló forí tì í tí wọ́n sì lé wọn lọ sílé. Lónìí, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan máa ń kó ènìyàn 90 jọ fún ìgbáradì. Nígbà tí oṣù kẹjọ bá ń parí, wọ́n gbọ́dọ̀ dín wọn kù sí 53. Ẹni 37 ló ń lọ nínú ẹgbẹ́ kan. Ẹ fi 32 sọ ọ́ di púpọ̀, ó lé ní 1,180 ọkùnrin. Wọ́n máa ń pe díẹ̀ padà láti máa bá wọn ṣe ìdánrawò lówó tó kéré. Àwọn tó kù á di ẹrù wọn. Àwọn tí wọn kò pè nínú draft ló sì máa ń kọ́kọ́ lọ, torí pé owó tí ẹgbẹ́ ná lé wọn lórí kò tó nǹkan. Ògúnlẹ́yẹ rí ẹgbẹ́ tó ní sùúrù fún orúnkún rẹ̀. Oríire wà nínú ìyẹn.

Oríire wà nínú ti Efe Obada náà. Nàìjíríà ni wọ́n bí i sí, ó sì wà ní ọmọdé nígbà tí òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin di aláìnílé ní London. Nígbà tó dàgbà, ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìkẹ́rùsí kan, ó sì ń bá ẹgbẹ́ London Warriors gbá bọ́ọ̀lù yìí. Eré márùn-ún péré ló gbá fún wọn kí Dallas Cowboys tó mú un lọ́dún 2015. Wọ́n dá a dúró. Àwọn ẹgbẹ́ mìíràn gbà á, wọ́n tún dá a dúró. Oṣù kẹsàn-án ọdún 2018 ló tó gbá eré gidi àkọ́kọ́ rẹ̀, fún Carolina Panthers. Ọdún mẹ́ta ló fi dúró de ọjọ́ kan.

Ó wá ku ìbéèrè ìyá wa tó wà ní Àkráà. Lákọ̀ọ́kọ́, kò sí ọmọ tó ń ti girama bọ́ sínú draft. Ó gbọ́dọ̀ ti jáde girama fún ọdún mẹ́ta ó kéré tán, àwọn tí wọ́n sì ń pè, yunifásítì ni ọ̀pọ̀ jù lọ ti ń wá. Ẹni tó bá ní òun á mú ọmọ ọdún 16 yín wọ draft lọ́dún tó ń bọ̀ ń fẹ́ nǹkan mìíràn lọ́wọ́ yín. Bákan náà ni ti owó: kò sí ẹni tó ń sanwó kí wọ́n tó pe orúkọ rẹ̀. Aṣojú tó bá lè bá ẹgbẹ́ NFL dúnàá-dúrà gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ẹgbẹ́ àwọn agbábọ́ọ̀lù náà, kò sì gbọdọ̀ gbà ju ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún owó àdéhùn lọ. Tí ẹnì kan bá ti ń gba sídì lọ́wọ́ yín ní Kaneshie kí ọmọ tó gbá bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo, ẹ béèrè ìwé yẹn.

Tí ó bá jẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ ní Amẹ́ríkà ló fẹ́ mú ọmọ, ẹ béèrè ẹni tó máa sanwó ìtọ́jú bí orúnkún bá já, àti bóyá owó ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ á ṣì máa wọlé bí kò bá lè gbá bọ́ọ̀lù mọ́. Kí wọ́n kọ ìdáhùn sínú ìwé. Ọdún tí iṣan orúnkún Ògúnlẹ́yẹ já, yunifásítì ló ṣì wà. Nígbà tó fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀, ó padà sí ilé-ẹ̀kọ́, ó gba oyè gíga nínú ìmọ̀ òwò, ó sì lọ ṣiṣẹ́ ní ilé-ìfowópamọ́ UBS. Níbẹ̀, òun ló ń darí ẹ̀ka tó ń bá àwọn eléré ìdárayá àti àwọn òṣèré tọ́jú owó wọn.

Kí ọmọ wa máa sáré rẹ̀ láràárọ̀ ní tirẹ̀, kò pa ẹnikẹ́ni lára. Ṣùgbọ́n kó kọ WASSCE rẹ̀ ná.