Ọkọ̀ Ojú Omi Tí Ẹ Fẹ́ Fi Gbafẹ́

Àwọn kan nínú wa ń bèèrè owó yíyá láti ra pọ́ntúùnù, ọkọ̀ pẹrẹsẹ tó dúró lórí àgbá alumíníọ́mù gígùn méjì, kí wọ́n lè máa kó ará ilé lọ gbafẹ́ lórí ọ̀sà. Kò burú. Ṣùgbọ́n àga rírọ̀ àti rédíò ni wọ́n ń wò. A kò gbọ́ kí ẹnìkan bèèrè irú omi tí ọkọ̀ náà yóò máa rìn.

Ní Minnesota, ní Amẹ́ríkà, ni Ambrose Weeres ti kan irú rẹ̀ ní 1952, fún adágún tí kò níyọ̀. Ọ̀sà Èkó kò rí bẹ́ẹ̀ o. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi òkun a wọlé, iyọ̀ a sì máa jẹ alumíníọ́mù tí a kò kùn dáadáa. Nígbà òjò ẹ̀wẹ̀, ewé ojú omi tó dé sí wa ní 1984 a lọ́ mọ́ ẹ́ńjìnnì.

Èyí tó ká wa lára jù ni èrò. Bí gbogbo wọn bá rọ́ síwájú láti ya fọ́tò, imú ọkọ̀ lè rì. Ẹni tó bí ọmọ mẹ́fà, kí ó má ra ọkọ̀ ènìyàn mẹ́fà. Ìyá àti bàbá ńkọ́? Ẹ ka ọmọ ọwọ́ mọ́ wọn. Kí ẹ sì kọ owó jákẹ́ẹ̀tì tí kì í jẹ́ kí ènìyàn rì sínú ìwé owó yíyá yín, ọ̀kan fún ẹnìkọ̀ọ̀kan, tọmọdé ní ìwọ̀n tọmọdé. Ìwé tí kò bá sí èyí nínú rẹ̀, a kò ní gbé e síwájú ìgbìmọ̀.