Ìwé Ilẹ̀ Ṣáájú Búlọ́ọ̀kù

Ní ọdún 2019, onílé wa ní Ọ̀jọ́ta fi kún owó ilé fún ìgbà kejì láàárín ọdún kan ààbọ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, èmi àti ìyàwó mi jókòó, a ṣírò gbogbo owó ilé tí a ti san láti ìgbà tí a ti ṣègbéyàwó. Nígbà tí a kà á tán, ẹnu wa wọhò.

Báǹkì ni mo kọ́kọ́ gbà lọ. Èlé owó ìkọ́lé tí wọ́n dárúkọ fún mi lé ní ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: ẹni tó bá yá mílíọ̀nù 10 náírà, èlé ọdún àkọ́kọ́ nìkan yóò lé ní mílíọ̀nù 2. Owó oṣù mi fún odindi ọdún kò tó bẹ́ẹ̀. Mo tún yẹ ọ̀rọ̀ National Housing Fund wò, èyí tí òfin ọdún 1992 gbé kalẹ̀, tí òṣìṣẹ́ ń dá ìdá 2.5 nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù rẹ̀ sí. Ìdá 6 péré ni èlé tirẹ̀ nígbà náà. Ó dára púpọ̀, ṣùgbọ́n ilé tí a bá fẹ́ fi owó náà rà gbọ́dọ̀ ní ojúlówó ìwé. Àwọn ilé tí apá wa ká kò ní in.

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. A wọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù níbi iṣẹ́ ìyàwó mi, a sì ń fi ẹgbẹ̀rún 40 náírà pamọ́ lóṣooṣù. Lẹ́yìn ọdún méjì, owó wa di ẹgbẹ̀rún 960. Oníduùró méjì fọwọ́ sí i, ẹgbẹ́ sì yá wa ní ìlọ́po méjì rẹ̀.

Owó yìí ni mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ sómi. Mo rí ilẹ̀ kan ní Mówè tí owó rẹ̀ rọjú. Ẹni tó ń tà á ní bí n kò bá san án kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ẹlòmíràn yóò gbé e. Ìyàwó mi ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí wọnlẹ̀wọnlẹ̀ rí i ná." Inú bí mi, mo rò pé ó ń fi àkókò ṣòfò. Wọnlẹ̀wọnlẹ̀ gbé ìwọ̀n ilẹ̀ náà lọ sí ọ́fíìsì ìjọba ní Abẹ́òkúta, ó sì padà wá sọ pé ìjọba ti gbẹ́sẹ̀ lé gbogbo àgbègbè náà. Owó iṣẹ́ rẹ̀ nìkan ni a pàdánù.

Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà ni a ra ìdajì pulọ́ọ̀tì níbòmíràn. Agbẹjọ́rò kọ ìwé àdéhùn, ìdílé tó ni ilẹ̀ fọwọ́ sí i níṣojú ẹlẹ́rìí, a sì gba ìwé ìwọ̀n ilẹ̀. Nítorí pé òfin ọdún 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà, a mọ̀ pé ìfọwọ́sí ìjọba ṣì kù. A ń kó owó rẹ̀ jọ lọ́wọ́lọ́wọ́.

Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ilé oníyàrá mẹ́ta wà nínú àwòrán wa, ṣùgbọ́n yàrá méjì péré ni a kọ́kọ́ kọ́. Ní ọdún 2024, a kó wọlé láìsí àjà, láìrẹ́ ògiri ìta. Ọ̀rẹ́ mi kan bi mí bóyá ilé adìyẹ ni. Ìrìn ibi iṣẹ́ jìn. Aago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí ni mo ń jí. N kò ní sọ fún yín pé kò nira.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí owó báǹkì ga jù fún, ẹ má ṣe rò pé ìlẹ̀kùn ti tì pátápátá. Kí ẹ tó ka owó búlọ́ọ̀kù, ẹ kọ́kọ́ ya owó wọnlẹ̀wọnlẹ̀ àti ti agbẹjọ́rò sọ́tọ̀. Bí ẹni tó ń ta ilẹ̀ bá ń kán yín lójú, ẹ ní kó dúró. Bí kò bá lè dúró, ẹ fi ilẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tó fi itọ́ mọlé, ìrì ni yóò wó o.

Ní oṣù tó kọjá, a rẹ́ ògiri iwájú. Ìyàwó mi ló yan ọ̀dà tí a ó fi kùn ún.