Ẹ JẸ́ KÍ ÀGBO MÁA KORÒ!

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin àgbà wa ní Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ́! Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ka èyí dópin kí ẹ tó fi ránṣẹ́.

Ta ló sọ fún wa pé tí oyin bá ti wọ inú àgbo, kò lè ṣe ọmọ ní nǹkan mọ́? Ohun tí àwọn tó ń polówó oògùn nínú ọkọ̀ ń sọ ni: "Oyin ni mo fi pò ó, ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ lè mu ún." Irọ́ ni! Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 1 kò gbọdọ̀ fẹnu kan oyin, ì báà jẹ́ oyin gidi láti oko. Kòkòrò kan lè wà nínú oyin tí ikùn àgbàlagbà máa ń borí, ṣùgbọ́n tó lè pèsè oró nínú ìfun ọmọ ọwọ́. Sísè lórí iná kì í pa á. Ìgbẹ́ ọmọ lè kọ́kọ́ há, kò ní lè fa ọmú dáadáa, ẹkún rẹ̀ á lọ sílẹ̀, ọrùn rẹ̀ á rọ jọwọlọ, títí mímí á fi di ogun. Ìgbà yẹn la ó wá máa sọ pé ayé ló ń ṣe é!

Ìkorò àgbo ni òṣùwọ̀n àwọn ìyá wa àtijọ́. Ọmọ á ké, á tu ú dànù, kò ní lè mu ún jù. (Rírọ ọmọ lágbo kò dára o, ó lè gba ọ̀fun wọ ẹ̀dọ̀fóró.) Ẹ wá fi oyin sí i, ọmọ ọdún 3 fúnra rẹ̀ á máa wá ìgò náà kiri.

Ṣé a ti gbàgbé ọdún 2008 ni? Oògùn eyín ọmọdé tí wọ́n ń pè ní My Pikin, ilé iṣẹ́ ló ṣe é. Kẹ́míkà tó wọ inú rẹ̀, diethylene glycol, dídùn ló dùn. Kídìnrín àwọn ọmọ daṣẹ́ sílẹ̀, ọmọ tó kú kò dín ní 84. Ìgò inú ọkọ̀ wa ńkọ́, ta ló yẹ̀ ẹ́ wò?

Ẹ̀yin bàbá tó ní àtọ̀gbẹ, oyin náà ń gbé ṣúgà ẹ̀jẹ̀ sókè. Ẹni tó ń ta oògùn àtọ̀gbẹ olóyin fún yín ń fi epo pa iná.

Ibà Lassa sì wà lágbègbè wa. Ìbẹ̀rẹ̀ àìsàn ni oògùn rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ jù, ẹ má fi àgbo olóyin jẹ ọjọ́ wọ̀nyẹn tán. Tí ibà àgbàlagbà bá lé ní ọjọ́ 2, ẹ gbé e lọ sí FMC Ọ̀wọ̀. Ti ọmọ ọwọ́, lójú ẹsẹ̀ ni. Kí ẹ mú ìgò àgbo náà dání, kí dókítà lè mọ ohun tó ti mu.