Ohun Tí Ewúrẹ́ Mọ̀

Ẹ̀yin èèyàn wa tẹ́ ẹ ń kọ́lé sí Ṣakí àti Ìsẹ́yìn, tówó fẹ́ńsì ò tíì délẹ̀, lápálapá táwọn kan ń pè ní bọ̀tujẹ̀ ń bẹ o. Ẹ gé ẹ̀ka ẹ̀, ẹ rì í mọ́lẹ̀ bójò bá ti bẹ̀rẹ̀, ó máa hù. Ewúrẹ́ kì í jẹ ẹ́, ọ̀dá kì í tètè pa á. Lọ́dún 2007, ariwo pé epo èso ẹ̀ la máa fi wa mọ́tò gbayé kan, àmọ́ ọgbà ló ṣì ń ṣe fún wa.

Ohun tí ewúrẹ́ mọ̀, ọmọdé ò mọ̀ ọ́n. Èso yẹn dùn lẹ́nu bí ẹ̀pà, májèlé sì ni. Èébì àti ìgbẹ́ gbuuru ló ń fà. Bọ́mọ bá jẹ ẹ́, ẹ má wá epo pupa kiri o, ọsibítù ni kẹ́ ẹ gbé e lọ!