Ta Ni Yóò Ṣe Marilyn?

Smash ni orúkọ eré tẹlifíṣọ̀n kan tí wọ́n gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní 2012: ìtàn àwọn tí ń múra eré olórin lórí ayé Marilyn Monroe. Ọmọ Yorùbá tí ó bá fẹ́ràn rẹ̀ ní Koumassi, ní Abidjan, àríyànjiyàn kan ṣoṣo ni yóò máa jà: Ivy ni ipò Marilyn tọ́ sí ni, tàbí Karen? Àríyànjiyàn náà dùn, ṣùgbọ́n òfo ni. Ẹni tí ó kọ orin ńkọ́? Ẹni tí ń kọ́ àwọn ẹlẹ́gbè ńkọ́?

Hubert Ògúndé gbé eré olórin rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní Èkó ní 1944; Dúró Ládípọ̀ kó Ọba Kò So dé Berlin ní 1964. Àwọn méjèèjì, àti Kọ́lá Ògúnmọ́lá pẹ̀lú, ni ó ti ṣe iṣẹ́ olùkọ́ rí. Olùkọ́ òde òní wo ni ó wá ń pe eré orin ní ìfàkókò-ṣòfò? Ọmọ tí ń fi èdè Faransé kàwé láti òwúrọ̀ ní Koumassi, orin ni yóò kọ́kọ́ fi ohùn Yorùbá sí i lẹ́nu, kí gírámà tó dé.